Ipò 15, owó tí irú rẹ̀ kò wọlé rí: ibi tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá ti ń rówó

Ní sáà 2024/25, ipò 15 ni Manchester United parí sí nínú Premier League. Láti ìgbà tí wọ́n ti já sí dífíṣọ̀n kejì ní 1974, wọn ò tíì ṣe burúkú tó bẹ́ẹ̀ rí. Tottenham tún nà wọ́n ní àṣekágbá Europa League ní Bilbao, bí ìdíje Yúróòpù ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pátápátá fún sáà tó tẹ̀lé e nìyẹn. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ò lè gbójú sókè láàárín ẹgbẹ́. Nígbà tó wá di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹgbẹ́ náà gbé ìwé ìṣirò owó ọdún náà jáde: £666.5 mílíọ̀nù ló wọlé. Láti 1878 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, owó tó tó bẹ́ẹ̀ kò wọlé fún wọn lọ́dún kan rí.

Ẹgbẹ́ tí gbogbo èèyàn ń nà lórí pápá, níbo ló ti ń rówó? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn oníṣirò owó nìkan mọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn ẹgbẹ́ Premier League dìbò pé láti sáà 2026/27 lọ, iye tó bá ń wọlé fún ẹgbẹ́ ni yóò máa sọ iye tí ó lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí yóò gba ife lọ́dún márùn-ún sí àkókò yìí, àfi kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó.

Ti United ṣeé kà dáadáa, torí pé láti 2012 ni wọ́n ti ń ta ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ náà ní New York, òfin ibẹ̀ ò sì jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan bò. Ọ̀nà mẹ́ta lowó náà gbà wọlé. Tẹlifíṣọ̀n mú £172.9 mílíọ̀nù wá. Àwọn tó wá wòran ní Old Trafford mú £160.3 mílíọ̀nù wá. Gbogbo ìyókù, £333.3 mílíọ̀nù, ọ̀dọ̀ àwọn onígbọ̀wọ́, àwọn aláṣọ àti ọjà títà ló ti wá. Ìdajì géérégé nìyẹn. Owó agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìyẹn ní ìwé tirẹ̀ àti ọgbọ́n tirẹ̀, a ó débẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló sọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tó dà lónìí. Kó tó di 1992, ojú kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá àti àwọn ti dífíṣọ̀n ìsàlẹ̀ ti jọ ń jẹun, ó sì ń dun àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Wọ́n ya kúrò, wọ́n dá Premier League sílẹ̀, wọ́n sì ta ẹ̀tọ́ àtifi bọ́ọ̀lù wọn hàn fún Sky àti BBC ní £304 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ báyìí pẹ̀lú Sky àti TNT Sports, láti 2025 sí 2029, jẹ́ £6.7 bílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Ti àwọn tó ń wò ó ní ìlú wọn níbẹ̀ nìkan nìyẹn o. Láti 2022, owó tí àwọn tó wà lẹ́yìn odi ń san ti ju ti ilé lọ.

Bí wọ́n ṣe ń pín in ló yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ìdajì owó abẹ́lé ni wọ́n ń pín dọ́gbadọ́gba fún ẹgbẹ́ 20. Nínú ìdajì kejì, wọ́n ń wo ipò tí kálukú parí sí, wọ́n sì ń wo iye ìgbà tí wọ́n fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó òkèèrè náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni gbogbo wọn jọ ń pín bákan náà. Ìdí nìyẹn tí Liverpool tó gba ife ní 2025 fi rí bíi £175 mílíọ̀nù, tí Southampton tó gbé ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni tí ebi ayò bá ń pa ń sáré lọ bá, sì rí bíi £109 mílíọ̀nù. Kódà ẹni tó bá já sí ìsàlẹ̀ á ṣì máa gba owó ìtìlẹ́yìn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó má baà fi àgbárí lulẹ̀. Ní Sípéènì, títí di 2016, kálukú ló ń ta tirẹ̀: Real Madrid àti Barcelona ń kó èyí tó jọjú, àwọn tó kù ń ṣa ẹ̀rúnrún. Ìjọba ló fi òfin kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan.

Owó tẹlifíṣọ̀n dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé títí ayé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Faransé. Ilé-iṣẹ́ Mediapro ṣèlérí ohun tó lé ní €800 mílíọ̀nù lọ́dún fún líìgì wọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, ọdún náà ò sì parí tí kò fi rí owó san mọ́. DAZN gbà á ní 2024, ọdún kan péré ló ṣe. Ní 2025, líìgì náà fúnra rẹ̀ ló dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwa náà rí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: HiTV gba Premier League mọ́ DStv lọ́wọ́ ní 2007, àwọn èèyàn sáré ra dẹ́kódà, ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2010, kò sì pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Dẹ́kódà wọn wá di ohun tí wọ́n ń gbé ìkòkò òdòdó lé.

Ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìwo-bọ́ọ̀lù ní Mokola tàbí Ìkòròdú, tó san owó ìwọlé kó tó rí Arsenal àti Chelsea wò, wà nínú ìṣirò yìí. Onílé ìwo-bọ́ọ̀lù yóò mú nínú owó rẹ̀ san owó oṣù dẹ́kódà. Ilé-iṣẹ́ tó ni dẹ́kódà ti san ti Premier League sílẹ̀. Premier League yóò sì pín in fún ẹgbẹ́ 20. Ẹni tó ń pariwo Arsenal títí ohùn rẹ̀ fi há, ó fún Wolves lówó, ó fún Brentford, ó tún bu díẹ̀ fún Tottenham. Mo mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn yẹn á dun àwọn kan.

Lórí gbogbo ìyẹn ni Champions League tún wà. Láti ìgbà tí UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ 36 ní sáà 2024/25, ẹgbẹ́ tó bá ti wọlé ti rí €18.62 mílíọ̀nù kó tó ta bọ́ọ̀lù kankan. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá borí ní ìpele àkọ́kọ́ tún jẹ́ €2.1 mílíọ̀nù, ọ̀mì jẹ́ €700,000. Ẹ wá wo ohun tí ipò kẹrin, tó ń wọ ìdíje náà, fi ju ipò kẹfà, tí kì í sábà wọ̀ ọ́, lọ, kí ẹ tó máa bi kọ́ọ̀ṣì pé kí ló ń bá a jà.

Ti ẹnu ọ̀nà pápá rọrùn láti yé, ó sì lágbára ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Nígbà tí Arsenal wà ní Highbury, èèyàn bíi 38,000 ni àyè gbà. Wọ́n kó lọ sí Emirates ní 2006, àyè di 60,000, gbèsè ilé náà sì fún wọn lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń bínú sí Wenger, kọ́ọ̀ṣì wọn nígbà náà, pé kò ra èèyàn, ilé ni kò jẹ́ kó rówó rà á. Lónìí, pápá náà ń pa ju £100 mílíọ̀nù lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n àga tí talákà ń jókòó sí kọ́ ló ń mú owó ńlá wá. Yàrá àwọn olówó ni, níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń mu wáìnì, tí wọ́n sì ń wo bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn gíláàsì. Tottenham kọ́ tirẹ̀ ní 2019 kó lè gba bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Beyoncé kọrin níbẹ̀ fún òru márùn-ún ní 2023.

Real Madrid ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún Bernabéu ṣe débi pé koríko pápá ń wọlẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ á wá ṣófo fún òde orin. Taylor Swift kọrin níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024. Owó tó wọlé láti ara pápá ní sáà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú, òun ló sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láyé tí owó rẹ̀ kọjá €1 bílíọ̀nù lọ́dún kan. Àwọn ará àdúgbò ni kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀ tán: wọ́n ní ariwo ò jẹ́ káwọn sùn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ẹgbẹ́ náà sì dá òde orin dúró ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Èèyàn tó ń gbé nítòsí ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn àríyá nílẹ̀ wa á ti máa ṣe kàyéfì pé ilé ẹjọ́ wo ni wọ́n rí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ gan-an ni apá kẹta, owó onígbọ̀wọ́ àti ọjà. Ká kọ́kọ́ mú àròsọ kan kúrò lọ́nà. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ra gbajúmọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé jẹ́sì tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ kan ti dá owó rẹ̀ padà. Irọ́ ni. Adidas tàbí Nike ló ń rán jẹ́sì náà, àwọn ló ń tà á, àwọn náà ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Díẹ̀ ló ń kan ẹgbẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayédèrú tí wọ́n ń tà ní Balógun, tí a fi ń ṣe ankò bọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ kan ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí ẹgbẹ́ ń tà ni àyè láti rán jẹ́sì. Adidas fún United ní £750 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023 sí £900 mílíọ̀nù títí di 2035. Owó náà ń bọ̀ yálà wọ́n ṣe ipò kìíní tàbí ipò 15. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó dá lórí bọ́ọ̀lù: gbogbo sáà tí wọn ò bá sí nínú Champions League, £10 mílíọ̀nù ni wọ́n ń yọ. Lára £90 mílíọ̀nù lọ́dún, ìyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni.

United ló kọ́ àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tà. Onígbọ̀wọ́ àyà jẹ́sì yàtọ̀, ti apá yàtọ̀, ti aṣọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń tà á ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ní 2015, àwọn tó ń ṣe Chivita ní Nàìjíríà bá wọn tọwọ́ bọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni páálí ọsàn tó wà lórí tábìlì ìyàwó ìkómọ ṣe gbé àmì Old Trafford. Ní oṣù karùn-ún 2025, ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tí líìgì parí, wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu lọ sí Malaysia àti Hong Kong torí owó. Àkójọpọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà nà wọ́n ní 1-0 ní Kuala Lumpur, àwọn èrò ibẹ̀ hó lé wọn lórí. Owó ti wọlé.

Ó tún ní ibi tí owó onígbọ̀wọ́ ti ń di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Arsenal gbé orúkọ Rwanda sí apá jẹ́sì láti 2018. Nígbà tí ogun ìlà-oòrùn Kóńgò le sí i ní 2025, ìjọba Kóńgò, tó ní Rwanda lọ́wọ́ nínú ogun náà, kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n jáwọ́, àwọn alátìlẹ́yìn kan náà sì gbé e sórí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé àdéhùn náà yóò parí ní òpin sáà. Ti Manchester City tún yàtọ̀: ọmọ ìdílé ọba Abu Dhabi kan ló ni ẹgbẹ́, Etihad tí í ṣe ọkọ̀ òfuurufú Abu Dhabi ló sì wà láyà jẹ́sì. Premier League fi ẹ̀sùn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kàn wọ́n ní 2023, owó onígbọ̀wọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń bi wọ́n. City ní àwọn ò jẹ̀bi ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ṣe kókó: tí ẹni tó ni ẹgbẹ́ bá lè fi ọwọ́ òsì kó owó fún un bí onígbọ̀wọ́, kí ni òfin owó wúlò fún?

Ti agbábọ́ọ̀lù títà ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣirò owó ti ń dá àrà. Tí ẹgbẹ́ bá ra ẹnìkan ní £100 mílíọ̀nù fún àdéhùn ọdún márùn-ún, £20 mílíọ̀nù ni wọn yóò kọ sí ìnáwó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ta ẹnìkan, ọdún tí wọ́n tà á náà ni gbogbo èrè rẹ̀ máa bọ́ sí. Ọmọ tó sì dàgbà nínú akadẹ́mì ẹgbẹ́ kò ní owó rírà kankan nínú ìwé, nítorí náà èrè ni gbogbo owó rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mason Mount, tí Chelsea tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí United ní 2023 ní £55 mílíọ̀nù. Àwọn alátìlẹ́yìn sunkún. Ìwé owó rẹ́rìn-ín. Chelsea yìí kan náà ló fún Enzo Fernández ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀, kí ìnáwó rẹ̀ lè kéré lọ́dọọdún, títí UEFA àti Premier League fi sọ pé ọdún márùn-ún ni wọ́n máa kà mọ́. Wọ́n tún ta hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó wà ní Stamford Bridge fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà, ní £76.5 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ta ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn lọ́nà kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £200 mílíọ̀nù. Premier League ò rí nǹkan ṣe sí i, ṣùgbọ́n UEFA ò ka irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì bu owó ìtanràn €31 mílíọ̀nù lé wọn ní oṣù keje 2025.

Nínú owó títà yìí, ìpín kan wà tó yẹ kí gbogbo onílé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ní Àgége tàbí Abẹ́òkúta mọ̀ lórí. FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní kí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 jẹ́ ìdá 0.25, láti 16 sókè, ìdá 0.5. Galatasaray san €75 mílíọ̀nù fún Napoli lórí Victor Osimhen ní 2025. Lórí irú iye yẹn, ẹgbẹ́ tí ọmọ bá lo ọdún kan péré lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ni ọdún 16 ní €375,000 láti gbà. Àmọ́ orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹgbẹ́ náà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. Fọ́tò tí kọ́ọ̀ṣì bá a yà lórí pápá eléruku kì í ṣe ìwé.

Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, ẹ má rò pé èrè ń bẹ. Real Madrid tó kọjá €1 bílíọ̀nù yẹn, èrè bíi €16 mílíọ̀nù ló rí lọ́dún náà. United, pẹ̀lú £666.5 mílíọ̀nù, pàdánù £33 mílíọ̀nù, ọdún tó sì ṣáájú ìyẹn wọ́n pàdánù £113 mílíọ̀nù. Owó oṣù nìkan jẹ £313 mílíọ̀nù. Ti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n rà tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èlé gbèsè tí ìdílé Glazer kó lé ẹgbẹ́ náà lórí nígbà tí wọ́n rà á ní 2005. Nígbà tí Jim Ratcliffe, olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, dé, ó lé òṣìṣẹ́ bíi 250 lọ ní 2024, ó tún kéde ní 2025 pé nǹkan bíi 200 mìíràn á tẹ̀lé wọn. Wọ́n gba oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Old Trafford, wọ́n fi èso rọ́pò rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù láàárín sáà di £66, ọmọdé àti arúgbó kò yọ sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń gba owó oṣù tó pọ̀ jù lórí pápá tí kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní èso.

Òfin tuntun náà bọ́ sí àárín gbogbo èyí. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ má pàdánù ju £105 mílíọ̀nù lọ láàárín ọdún mẹ́ta. Òun ni wọ́n fi yọ àmì Everton àti Nottingham Forest ní sáà 2023/24. Èyí tó ń bọ̀ ní 2026/27 ní kí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù àti kọ́ọ̀ṣì, owó aṣojú àti ìnáwó rírà má kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé, pẹ̀lú èrè tí wọ́n bá rí lórí títà. Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ìdá 70 ni UEFA gbà fún un. Lórí owó United, ìdá 85 yẹn tó £566 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ tó ń pa £180 mílíọ̀nù lọ́dún ò lè kọjá £153 mílíọ̀nù. Ìyẹn nìkan kọ́: sáà yẹn kan náà ni òfin tó lé ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kúrò láyà jẹ́sì máa bẹ̀rẹ̀. Ní 2024/25, ẹgbẹ́ 11 nínú 20 ló gbé orúkọ ilé tẹ́tẹ́ sáyà, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí owó wọn kéré tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́ já onígbọ̀wọ́ gbà lọ́wọ́ wọn.

Nínú ìpàdé oṣù kọkànlá yẹn, ẹgbẹ́ 14 ló fọwọ́ sí òfin ìdá 85, mẹ́fà kọ̀. Àbá mìíràn wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà: pé kí ẹnikẹ́ni má ná ju ìlọ́po márùn-ún owó tí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Lórí £109 mílíọ̀nù Southampton, £545 mílíọ̀nù ni òkè téńté ì bá jẹ́, kódà fún United. Manchester United àti Manchester City ti ń ta ko ó láti 2024 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a lábàá. Kò rí ìbò tó.